Ẹja òkun tó ṣọ̀wọ́n nínú táǹkì ilé n'Íbàdàn: kí la ó ṣe kí á tó sanwó?

Aláàkóbọ̀:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Táǹkì gíláàsì tó wà nílẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga. Sump lítà 100, táǹkì kékeré tí omi ń ṣàn bọ́ sí kí pọ́ńpù tó gbé e padà sókè, wà lábẹ́ rẹ̀. Omi borehole là ń lò l'Ákóbọ̀ níbí. Ẹja òkun tó ṣọ̀wọ́n ni mo fẹ́ kó jọ, kì í ṣe clownfish aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo ayé ń sìn. Àwọn oníṣòwò Èkó ti ń fi àwòrán angelfish àti tang ránṣẹ́, owó wọn kò sì kéré. Kí ni kí n ṣe kí n tó sanwó? Ẹja wo ló lè fara da ooru àti iná NEPA tiwa yìí?

Olómi Bódìjà:
Àbúrò, fi owó ẹja sápò ná. Omi lo máa kọ́kọ́ wá. Tí a bá fi ìwọ̀n ìta ṣírò, táǹkì yẹn gba lítà 432. Yọ sísanra gíláàsì, òkúta àti àlàfo òkè kúrò, kí o wá fi omi inú sump kún un, wàá rí i pé nǹkan bí lítà 400 ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Gbogbo ẹrù yẹn, pẹ̀lú gíláàsì àti òkúta, lè tó kílò 600. Tó bá jẹ́ ilé òkè lò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kó wà, kì í ṣe àárín pálọ̀.

Má da omi borehole sí i bó ṣe wà. Nàìtíréètì àti sílíkéètì inú rẹ̀ ni nǹkan aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì máa ń jẹ. Ẹ̀rọ RO/DI (awọ RO àti rẹ́sínì DI tó ń yọ èròjà kúrò nínú omi) ni kí o fi sẹ́ ẹ, kí mítà TDS, tó ń ka èròjà tó yòrò sínú omi, sì ka 0 lẹ́nu ibi tí omi ti ń jáde. Píọ̀ wọ́tà kò lè rọ́pò rẹ̀. Ó mọ́ fún ẹnu wa, àmọ́ àwọn èròjà tó ti yòrò sínú omi ṣì wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì ló máa ń bà á jẹ́ n'Íbàdàn. Èkíní, àwọn èèyàn máa ń so RO mọ́ táǹkì orí ìdúró tààrà. Ìdúró mítà 6 kò lè fi agbára ti omi ju bíi psi 8 tàbí 9 lọ (psi ni òṣùwọ̀n agbára yẹn), bẹ́ẹ̀ awọ inú ẹ̀rọ náà ń fẹ́ nǹkan bíi psi 60. Omi ìdanù á máa ṣàn ṣáá, omi dáadáa á sì máa kán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ra bóòsítà pọ́ńpù mọ́ ọn. Ìkejì, kábọ́ọ̀nù dàìọ́sáídì máa ń pọ̀ nínú omi inú ilẹ̀. Kò sí awọ RO tó ń dá a dúró, òun ló sì ń tètè jẹ rẹ́sínì DI tán. Kó omi sínú dúrọ́ọ̀mù, fi pọ́ńpù afẹ́fẹ́ gbo ó mọ́jú, kí o tó fi í gba inú ẹ̀rọ. Omi ìdanù, tó lè tó lítà 3 sí 4 fún lítà 1, ṣeé fọ aṣọ, ó sì ṣeé da sí ṣáláńgá.

Iyọ̀: fún lítà 100, múra sí kílò 3.6 sí 3.8 iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún táǹkì. Omi ni yóò kọ́kọ́ wọ dúrọ́ọ̀mù, pọ́ńpù yóò máa gbo ó, kí o tó máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí o bá da iyọ̀ sílẹ̀ kí o tó bu omi lé e, kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á dì, á funfun bí ẹfun sí ìdí dúrọ́ọ̀mù, kò sì ní yòrò mọ́. Gbo ó fún wákàtí 24. 1.025 sí 1.026 (bí omi náà ṣe wúwo sí omi lásán) lo ń wá, ìyẹn ìwọ̀n iyọ̀ 35, gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é, nítorí kò sí magnesíọ́ọ̀mù, kálísíọ́ọ̀mù àti àwọn yòókù tó wà nínú òkun nínú rẹ̀.

Àmọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wúlò fún ohun kan: refractometer rẹ, ohun èlò tó ń ka ìwọ̀n iyọ̀ omi. Má fi omi lásán ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, ó lè pé ní 0 kó sì máa parọ́ ní 35. Wọn gíráàmù 36.5 iyọ̀ sínú gíráàmù 963.5 omi RO lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ṣe kéèkì. Omi yẹn yẹ kó ka 35 gẹ́lẹ́. Tí kò bá kà á bẹ́ẹ̀, yí sukúrúù rẹ̀ títí yóò fi kà á.

Aláàkóbọ̀:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé n kò lè lọ bu omi òkun l'Ékòó? Òkun kò kúkú gbowó.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́yẹlé:
Òkun kò gbowó, ọkọ̀ ló ń gbà á. Lítà 400 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìndínlógún, ó lé ní kílò 400, àti pé oṣooṣù lo máa fẹ́ pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé odò Ògùn àti àwọn odò míì ń da omi dídùn sínú ọ̀sà, ọ̀sà náà ń tú u sí òkun. Lásìkò òjò, omi etí òkun nítòsí ẹnu ọ̀sà lè má tó ìwọ̀n iyọ̀ 30, ìdọ̀tí ìlú àti epo ọkọ̀ ojú omi á sì bá a wá. Ẹni tó bá taku pé òun á bu ú, kó bu ú lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, jìnnà sí ẹnu ọ̀sà, nígbà tí omi bá kún, kó gbé refractometer dání. Lójú tèmi, iyọ̀ inú bókẹ́ẹ̀tì dínwó jù ú lọ.

Iná Mọ́kọ́lá:
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí iná, nítorí ibẹ̀ ni ẹja olówó ńlá ti ń kú. Ẹni tó bá ti sin ẹja àrọ̀ rí máa ń rò pé òun mọ ẹja. Àrọ̀ ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ẹja òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì gba ọ́síjìn tó omi odò: ní dígírì 25, omi odò lè gba mílígíráàmù 8.3 nínú lítà kan, omi òkun kò ju 6.8 lọ. Tí ó bá gbóná dé 30, ti omi òkun á já sí nǹkan bíi 6.2. Ìyẹn ni pé nígbà tí ara ẹja ń fẹ́ ọ́síjìn sí i, ìgbà yẹn gan-an ni omi kò ní in.

Nítorí náà, bí NEPA bá mú iná lọ, kì í ṣe gílóòbù lẹ máa kọ́kọ́ gbà là. Pọ́ńpù tó ń ru ojú omi ni. Ẹ ra èyí tó ń lo DC, volt 12 tàbí 24, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì tààrà, kí inverter má baà jẹ nínú iná náà. Bátìrì volt 12, 100Ah, tí ẹ bá lò ó dé ìdajì (ẹ má lo bátìrì olómi kọjá bẹ́ẹ̀), á fún yín ní watt-wákàtí 600. Pọ́ńpù wáàtì 20 á fi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 30.

Ẹ dán sump wò kí ẹja tó wọ ilé: ẹ pa pọ́ńpù, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tí omi òkè bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sílẹ̀, lítà 36 ló máa dà sí sump yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé àyè rẹ̀ wà? Ẹ lu ihò mílímítà 6 sára páìpù tó ń gbé omi padà sókè, díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó sì dá omi dúró. Ihò yẹn máa ń dí. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọjọ́ tí ó bá dí ni omi máa dé ìdí àga.

Ooru: 24 sí 27 ni ẹ mú. Fáànù tó ń fẹ́ sí ojú omi lè mú dígírì 2 sí 3 wálẹ̀, nítorí omi tó ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lásìkò òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti tutù rinrin, agbára rẹ̀ á dínkù. Iyọ̀ kì í gbẹ pẹ̀lú omi, nítorí náà omi RO lásán lẹ máa fi dí ohun tó gbẹ, lójoojúmọ́. Tí yàrá bá ju dígírì 32 lọ ní oṣù kejì sí ìkẹta, fáànù nìkan kò ní tó, ẹ̀rọ chiller tó ń mú omi tutù tàbí AC ló kù. Ẹ má ta hítà yín o: òru ọyẹ́ lè mú yàrá já sí 20, wáàtì 200 tí ẹ ṣètò sí 25 á gbà yín.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé yàrá táǹkì. Èéfín rẹ̀ léwu fún ènìyàn ṣáájú ẹja, kábọ́ọ̀nù dàìọ́sáídì inú rẹ̀ sì ń fa pH omi wálẹ̀ (bí pH bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i).

Olómi Bódìjà:
Kí n fi èyí kún un kí wọ́n tó dórí ẹja: kí ẹja kankan tó wọ táǹkì, bakitéríà tó ń jẹ amóníà, oró tí ẹja ń tú sómi, gbọ́dọ̀ ti pọ̀ lára òkúta. Da amóníà sí i dé mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, kí o sì máa wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí amóníà àti nàìtíráìtì (ohun tí bakitéríà kọ́kọ́ ń sọ amóníà dà) bá jọ di 0 láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí o dà á, ó ti ṣetán. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Sípọ́ńjì inú adágún ẹja àrọ̀ kò lè yá a kíákíá, torí iyọ̀ á bá bakitéríà omi dídùn jà.

Ìyá Oníkúlà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹja wàyí. Ṣíṣọ̀wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹja kan ṣọ̀wọ́n nítorí ibi tó ń gbé kéré. Òmíràn, nítorí ó jìn. Òmíràn, nítorí òfin. Àwọn oníṣòwò kì í sọ èwo ni.

Àwọn tó jìn ni kí ẹ yẹra fún. Peppermint angelfish, Centropyge boylei, ń gbé ní nǹkan bíi mítà 50 sí 120 nísàlẹ̀ omi ní agbègbè erékùṣù Cook. Tí wọ́n bá fà á sókè kíákíá, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú. Ìpele ìpele ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé e bọ̀. Omi tútù ló tún mọ̀. Kí ni yóò wá ṣe nínú pálọ̀ Akóbọ̀ lóṣù kẹta? Gem tang, Zebrasoma gemmatum, tó wá láti Mauritius àti Madagascar, lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè láti sáré: sẹ̀ǹtímítà 180 ni táǹkì tó yẹ ẹ́, kì í ṣe 120.

Tiwa náà wà. Holacanthus africanus, angelfish ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wà láti Senegal dé Congo. Ọmọ rẹ̀ búlúù, pẹ̀lú ìlà funfun kan, ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dàgbà dé sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹni tó bá tà á fún yín fún táǹkì lítà 400 kò fẹ́ yín fẹ́re.

Èyí tí mo máa fọwọ́ sí fún táǹkì yìí ni ẹja kéékèèké tí wọ́n bí sínú táǹkì. Banggai cardinalfish, Pterapogon kauderni, ni àkọ́kọ́. Erékùṣù Banggai ní Indonesia nìkan ló ti wá, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, sì kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ní 2007. Síbẹ̀, ó ń bímọ nínú ilé: akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á sì tún gbé ọmọ sẹ́nu fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ ra méjì tí wọ́n ti mọ ara wọn lọ́kọláya. Bí ẹ bá ra mẹ́fà, wọ́n á máa pa ara wọn títí yóò fi ku méjì. Orchid dottyback, Pseudochromis fridmani ti Òkun Pupa, àti yellow assessor, Assessor flavissimus, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, wọ́n ń bí àwọn náà sí táǹkì. Yellow tang pàápàá, wọ́n ti ń bí i láti 2015 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Hawaii, ṣùgbọ́n tang ṣì ni, ó ń fẹ́ àyè. Dottyback ni kó wọlé kẹ́yìn; tó bá ṣáájú, ó ti gba gbogbo ilé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́yẹlé:
Lórí òfin: gbogbo ẹṣin òkun, Hippocampus, wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu, láti 2004, títí kan H. algiricus tó ń gbé etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Clarion angelfish wọ inú ìwé náà ní 2017. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn yẹn láti 1974. Ẹ béèrè ìwé CITES orílẹ̀-èdè tí ẹja ti wá, àti ìwé àṣẹ ìkówọlé ti NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ẹranko àti irúgbìn tó ń wọlé wò. Oníṣòwò tó bá ní inú báàgì arìnrìn-àjò ni òun gbé e gbà, ẹ má bá a ná an.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹja tí wọ́n fi májèlé sáyánáìdì mú. Ó máa ń jẹun dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á máa dán, síbẹ̀ á máa rù títí á fi kú lọ́sẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí inú ti bàjẹ́. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Kí ẹja náà lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ṣọ́ọ̀bù lórí owó àsansílẹ̀ yín, kí wọ́n fi fídíò ibi tó ti ń jẹun ránṣẹ́, kí ẹ tó san èyí tó kù.

Ìyá Oníkúlà:
Gbígbé e wá sílé wàyí. Kí wọ́n má fún un lóúnjẹ fún wákàtí 24 sí 48 kí wọ́n tó dì í, kó má baà ṣu sínú ọ̀rá. Ọ̀rá méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Ìdá kan omi, ìdá méjì ọ́síjìn láti inú sílíńdà. Kúlà onífóòmù, kí ó ṣókùnkùn. Ẹ má fi yìnyín kan ọ̀rá. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ẹ ka ọ́síjìn fún wákàtí mẹ́wàá bí ìrìn náà tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Rélùwéè láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dé Mọ́níyà kì í mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí àkókò rẹ̀ bá bá yín mu.

Tó bá délé, ẹ fi ọ̀rá léfòó fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ẹ máa kán omi táǹkì sí i fún wákàtí kan.

Olómi Bódìjà:
Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá yín lẹ́kun níbẹ̀. Kíkán fún wákàtí kan dára fún ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó láàárọ̀. Fún èyí tó ti òkèèrè wá tó ti wà nínú ọ̀rá fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ló ń pa á.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú ọ̀rá, ẹja ń mí kábọ́ọ̀nù dàìọ́sáídì sínú omi, pH á sì máa lọ sílẹ̀. Ó tún ń tú amóníà. Nígbà tí pH bá lọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ amóníà yẹn wà ní ìrísí tí kò ṣe ẹja ní nǹkan. Gbàrà tí ẹ bá tú ọ̀rá, kábọ́ọ̀nù dàìọ́sáídì á jáde, pH á gun òkè, amóníà kan náà á sì yí padà di èyí tó ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Láti pH 7 dé 8.2, ìpín tó ní oró nínú rẹ̀ lè pọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ẹ wá fi ẹja sínú rẹ̀ fún wákàtí kan!

Ẹ ṣe é báyìí: kí ọ̀rá léfòó ní dídì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ìgbóná bára mu. Ẹ bi oníṣòwò ní ìwọ̀n iyọ̀ omi rẹ̀ ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí 1.018 tàbí 1.020. Ẹ ti pèsè táǹkì ìyàsọ́tọ̀, ibi tí ẹja tuntun ń dá gbé kí ó tó wọ táǹkì ńlá, sí ìwọ̀n kan náà sílẹ̀. Ẹ tú ọ̀rá, ẹ gbé ẹja bọ́ sínú táǹkì lójú ẹsẹ̀, ẹ da omi ọ̀rá nù. Ẹ wá máa gbé iyọ̀ táǹkì náà sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ìyá Oníkúlà:
Mo gbà fún ti ẹja òkèèrè. Àmọ́ edé àti àwọn tí kò légungun, ẹ ṣì kán omi sí wọn, wọn kì í fara da kí iyọ̀ yí padà lójijì.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́yẹlé:
Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ yẹn kò ní gíláàsì ńlá nínú: ike lítà 60 sí 75, sípọ́ńjì tí bakitéríà ti wà nínú rẹ̀, hítà, pọ́ńpù afẹ́fẹ́, àti ìgbọ̀nwọ́ páìpù (elbow) PVC tuntun mẹ́ta tí ẹja lè sá pamọ́ sí. Kò gbọdọ̀ sí òkúta tàbí iyanrìn níbẹ̀, nítorí wọ́n ń fa oògùn bàbà mu, ìwọ̀n rẹ̀ á sì máa dínkù.

Bàbà là ń lò fún Cryptocaryon, àrùn oníkóróbójó funfun bí iyọ̀, àti fún velvet. Èyí tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nǹkan míì, bíi Copper Power, ẹ gbé e dé mílígíráàmù 2.5 nínú lítà kan láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Fún angelfish, ẹ fà á dé ọjọ́ 5. Ẹ mú un dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ 30. Tó bá já sí 1.5 lọ́jọ́ kan, ẹ tún kíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo mítà, bíi Hanna HI702. Àwọ̀ inú ìgò kò ṣeé gbára lé fún èyí. Ẹ má ra súlífétì bàbà ti ilé oògùn oko kí ẹ máa fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ má sì da oògùn tó ń pa kílóríìnì àti amóníà mọ́ bàbà, ó lè sọ ọ́ di májèlé.

Velvet yàtọ̀: ó rí bí ìyẹ̀fun, ẹja á máa mí gììrì-gììrì, á dúró síbi tí omi ti ń tú jáde, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ rì í sínú omi RO tí ìgbóná àti pH rẹ̀ bá ti táǹkì mu fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó gbé e sínú bàbà. Kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ awọ (fluke) ń fẹ́ oògùn praziquantel, mílígíráàmù 2.5 nínú lítà kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ 5 sí 7 láàárín wọn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ púpọ̀. Oògùn ajá tí wọ́n ti pò ó mọ́ òmíràn kì í ṣe ohun tí à ń sọ.

Tí àrùn bá wọ táǹkì ńlá, ẹ kó gbogbo ẹja jáde, kí ó wà láìsí ẹja fún ọjọ́ 76. Ẹ má fi àwọ̀n kan náà ṣe méjèèjì.

Aláàkóbọ̀:
Ẹ kú làálàá. Oúnjẹ ńkọ́? Mysis dídì (edé wẹ́wẹ́ fún oúnjẹ ẹja) l'Ékòó, kí ó tó dé ibí, ó ti yòrò.

Iná Mọ́kọ́lá:
Èyí tó bá ti yòrò, ẹ má tún un dì. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀, wọ́n ní ẹyin Artemia, edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀, nínú agolo. Gíráàmù 2 nínú lítà kan omi tó ní iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30, ní dígírì 28, kí afẹ́fẹ́ máa ru ú gan-an, kí iná tàn sí i. Láàárín wákàtí 24, ẹyin á ti pa, ọmọ á ti jáde. Ẹ pa afẹ́fẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀, ọmọ á sún lọ sídìí iná, èèpo á léfòó. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fà. Èèpo yẹn ló ń dí ikùn ẹja kékeré. Banggai tó bá kọ oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà kọ èyí. Fún ẹja àgbà, edé òkun tútù láti ilé ẹja dídì, ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi omi RO ṣàn án. Kì í ṣe edé gbígbẹ inú ọbẹ̀. Tang ń fẹ́ ewé òkun nori tí wọn kò fi nǹkan kan sí.

Olómi Bódìjà:
Kí ó má di ohun tí a gbàgbé: ìdérí. Assessor àti dottyback ń fò, pàápàá ní òru àkọ́kọ́. Àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ, lórí férémù alumíníọ́ọ̀mù bíi ti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Gíláàsì tó bo gbogbo òkè ń ká ooru mọ́lé, kò sì jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́. Ẹ yọ àyè fún páìpù nìkan, kí ẹ sì wọ̀n àyè yẹn náà.